Wákàtí mẹ́rin gbáko, ó wá kú nígbà tó ku nọ́ńbà kan: Eurovision lórí àpótí tẹlifíṣàn onísanwó ní Jámánì

Basel, alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 2025, àṣekágbá Eurovision, ìdíje orin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Switzerland tó gbàlejò ti wà nípò kejì lọ́dọ̀ àwọn adájọ́ pẹ̀lú máàkì 214. Wọ́n wá ka èyí tí àwọn tó ń wò nílé fún un: òdo. Òdo lásán! Austria nìkan ló kù. Ísírẹ́lì wà lókè pẹ̀lú 357, Austria ti ní 258 lọ́wọ́ àwọn adájọ́, 100 péré ló nílò kó fi borí. Bí wọ́n ṣe fẹ́ pe nọ́ńbà náà báyìí ni ojú tẹlifíṣàn ṣókùnkùn, ìbéèrè kan sì yọ láàárín rẹ̀: ṣé ẹ ṣì ń wò ó?

Mo tẹ "bẹ́ẹ̀ ni", kò gbọ́. Mo tún un tẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po bí òòyì. Ariwo ará òkè, tó ń fi ẹ́ríà wo tirẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ó ti parí. Nígbà tí àwòrán fi padà, JJ, akọrin Austria, ti ń sunkún, wọ́n ti gbé ife fún un: 178 ni àwọn aráàlú fún un, 436 lápapọ̀.

Lóru náà ni mo kọ̀wé sí àwọn oníṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dáhùn, ó sì ń bi mí bóyá owó oṣù ni mo fẹ́ san. Nígbà tí ènìyàn fi dé, ó ní kí n pa àpótí, kí n tún tàn án. Mo ṣe é. Ó ní kí n gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní wáyà ni mo fi so wọ́n pọ̀. Ó ní kí n ka nọ́ńbà ẹ̀yìn àpótí. Mo kà á. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló wá sọ pé ètò náà ti parí, pé mo lè wo àtúngbéjáde rẹ̀ lọ́la. Àtúngbéjáde ìdíje tí mo ti mọ ẹni tó borí! Ó dà bí kí wọ́n pe ènìyàn wá jẹ ẹran lẹ́yìn tí wọ́n ti kó egungun fún ajá.

Ọjọ́ Ajé ni obìnrin kan tẹ̀ mí láago, òun ló sì mọ iṣẹ́. Ó ní àpótí náà máa ń ka wákàtí mẹ́rin láti ìgbà tí ènìyàn bá tẹ rìmóòtù kẹ́yìn. Tí kò bá rí ọwọ́, á rò pé ènìyàn ti sùn. Agogo 9 alẹ́ ni àṣekágbá Eurovision ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tó wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó bá tàn án ní 8:45 tí kò fọwọ́ kàn án mọ́, 12:45 ni ìbéèrè yẹn yóò bá a, nígbà tí wọ́n ń ka máàkì tó kẹ́yìn gan-an. "Bẹ́ẹ̀ ni" kò sì yá nítorí pé áápù náà ń tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ó fi ibi tí wọ́n ti ń pa á hàn mí, lábẹ́ ètò fífi iná pamọ́. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ sáà yí ohùn sókè sódò lẹ́ẹ̀kan nígbà tí orin ìdíje bá ti tán. Ó dá owó oṣù kan padà láìjẹ́ pé mo béèrè. Ìbínú mi rọlẹ̀ níbẹ̀.

Kò sì sí ìdíje tó dùn wò bí èyí fún ẹni tó ń gbé ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè dìbò fún orílẹ̀-èdè tó ti ń dìbò, ṣùgbọ́n fóònù ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ìwé ìrìnnà. Ọmọ Portugal tó wà ní Frankfurt lè dìbò fún Portugal. Ọmọ Jámánì kò lè dìbò fún Jámánì láti ilé ara rẹ̀. Abájọ tí Jámánì fi ń fún Tọ́kì ní 12, máàkì tó ga jù, léraléra nígbà tí Tọ́kì ṣì ń kópa, títí di 2012. Síìmù ilẹ̀ Jámánì ni kí ẹ lò o. Síìmù tí ẹ gbé wá láti ilé kò ní ṣiṣẹ́. Ìbò 20 lènìyàn lè dì tẹ́lẹ̀, 10 ni wọ́n dín in kù sí fún 2026. Ní ti àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè tí kò kópa, láti 2023 ni wọ́n ti ń dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, káàdì báǹkì ni wọ́n sì fi ń mọ ibi tí ìbò ti wá.

Àwa tí a kò ní orílẹ̀-èdè níbẹ̀ náà ń rí tiwa. Dave Benton, ọmọ Aruba, ló bá Estonia gba ife ní 2001. Destiny, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọmọ Nàìjíríà, kọrin fún Malta ní 2021, ó ṣe ipò keje.

Ẹ̀dùn ọkàn mi tó kù: àwòrán àpótí yìí ń pẹ́ lẹ́yìn ti ẹ́ríà, nítorí náà ẹ pa ìró fóònù tí kíka máàkì bá bẹ̀rẹ̀. Das Erste, ìkànnì ARD, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn gbogboògbò Jámánì, sì ń gbé ìdíje náà láìgba kọ́bọ̀ lórí áápù ARD, ẹ ṣáà ti ń san yúrò 18.36 lóṣù tipátipá fún wọn. Kí wá ni mo ń sanwó àpótí fún? Àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti áápù lọ, ohùn ìlù sì ń wọlé dáadáa. Ohun tí mo rí nìyẹn.

Máàkì mi: 10 nínú 12. Ìbá jẹ́ 9, ṣùgbọ́n Eurovision kì í fúnni ní 9.