Àwọn tó bá mi kọ sípíìṣì ìpolongo mi: ìràwọ̀ 3 nínú 5

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, mi ò ní dárúkọ wọn ṣá. Nígbà tí mo ń du ipò akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ìṣẹ́jú 5 péré ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dìbò, mo sì ti jókòó ti ìwé fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, mi ò kọ kọjá ìkíni. Ni mo bá sanwó fún àwọn tó ń báni kọ sípíìṣì lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Fọ́ọ̀mù ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi ọwọ́ kún: orúkọ, ipò tí mò ń dù, ìlérí 3, ó tán. Ọjọ́ 2 ni wọ́n dá, ọjọ́ 4 ni wọ́n mú un wá. Mo gbé fóònù mi kalẹ̀, mo ka á sókè, ìṣẹ́jú 11! Ìyẹn gan-an ò dùn mí tó ohun tó wà nínú ẹ̀, ìdàgbàsókè, ìṣọ̀kan, ọ̀la tó dáa, tẹ́ ẹ bá yọ orúkọ mi tẹ́ ẹ fi ti ẹni tá a jọ ń díje sí i, ó máa bá a mu rẹ́gí. Wọ́n tún wá fi ìpínrọ̀ kan sí i tó ń sọ pé ẹni yẹn ń kówó jẹ, láìsí ẹ̀rí kankan o, bẹ́ẹ̀ èmi ni wọ́n máa bi, kì í ṣe wọn. Mo yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Mo kọ̀wé sí wọn pé mi ò gbà. Ibi tí mo ti wá fẹ́ràn wọn nìyẹn, torí wọ́n ní kí ẹni tó ń kọ ọ́ pè mí. Obìnrin náà ò bi mí ní ìlérí kankan, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ wo gan-an lẹ pinnu pé ẹ máa díje?" Mo bá sọ fún un nípa bàbá kan nínú ẹgbẹ́ tí ìyàwó wọn ṣaláìsí, tí wọ́n wá gba owó ìrànwọ́, a ò rí àkọsílẹ̀ pé wọ́n ń sanwó, bẹ́ẹ̀ wọn ò jẹ oṣù kan rí, ilé akọ̀wé àná ni ìwé wà. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí. Mo rí bí bàbá ṣe ká ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn sí mẹ́rin, tí wọ́n tì í bọ àpò, tí wọ́n lọ. Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní "Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀."

Mo lọ gbàyè lọ́wọ́ bàbá kí n tó lò ó o, wọ́n ní kí n má ṣáà dárúkọ àwọn.

Sípíìṣì kejì tí obìnrin náà kọ, ìlérí kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀: owó tẹ́ ẹ bá san lónìí, rìsíìtì máa wọ fóònù yín lónìí. Ó wá fi "a ó kọ ọ́ sílẹ̀" parí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní kí n wo Obama ní New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, ní January 2008, nígbà tó ń du ipò ààrẹ, alẹ́ tí Hillary Clinton fìdí ẹ̀ rẹmi nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú wọn níbẹ̀ ló ń tún "Yes we can" (a lè ṣe é) sọ, òun làwọn èèyàn sì gbé lọ sílé.

Ohun tí wọn ò ṣe ni kíkà á sókè. Gbólóhùn 2 gùn débi pé èémí mi ò gbé e, mo gé e. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ẹnu mi ò sọ rí láyé mi, mo fi tèmi rọ́pò.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo dé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń sọ "a ó kọ ọ́ sílẹ̀" kí n tó lanu. Mo wọlé. Ká ní ìpè yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni, ìràwọ̀ 5 ni mi ò bá fún wọn. Ẹ béèrè fún un kẹ́ ẹ tó sanwó.