Palau, Chuuk àti Fakarava: èwo ló yẹ kí òmùwẹ̀ Ẹ̀pẹ́ náwó lé?

Ẹni tó ń mòòkùn kó iyanrìn ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ tàbí ti Ìkòròdú kì í bẹ̀rù omi. Àmọ́ bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ lọ fi sílíńdà afẹ́fẹ́ mòòkùn ní erékùṣù Òkun Pàsífíìkì bíi Palau, Chuuk tàbí Fakarava, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ gan-an ló lè pa á. Ẹni tó fa èémí lórí omi tó sì sé e mọ́nú, afẹ́fẹ́ yẹn á sún kì nísàlẹ̀, á tún padà sí bó ṣe wà nígbà tó bá jáde. Ti sílíńdà kò rí bẹ́ẹ̀. Èémí téèyàn fà ní mítà 10 á di ìlọ́po méjì kó tó kan ojú omi. Bó bá sé e mọ́nú, ẹ̀dọ̀fóró lè ya. Ẹ mí sínú, ẹ mí síta, ẹ má dáwọ́ dúró.

Palau la máa kọ́kọ́ gbà yín níyànjú, pàápàá Blue Corner. Àpáta pẹrẹsẹ ni, nǹkan bíi mítà 10 sí 15 nísàlẹ̀ omi, etí rẹ̀ sì já wálẹ̀ sínú ibú. Ìṣàn omi tó ń gun etí yẹn ló ń kó ẹja wá, àkùràkúdà sì ń tẹ̀lé ẹja. Palau ti fòfin de pípa àkùràkúdà láti ọdún 2009, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í wọ́n níbẹ̀. Omi náà máa ń le débi pé ọwọ́ lásán kò lè di àpáta mú, nítorí náà ìwọ̀ irin ni wọ́n ń fi há a, tí okùn rẹ̀ á sì wà lára ẹ̀wù afẹ́fẹ́. Ojú òkúta tó ti kú ni kí ìwọ̀ wà, kì í ṣe ara iyùn tó wà láàyè. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú ẹ̀wù kí ara lè léfòó kúrò lórí àpáta. Ìgbà tí wọ́n bá ń tú ìwọ̀ ni wàhálà máa ń dé: afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú ẹ̀wù, bí ìwọ̀ bá sì ti bọ́, omi á ta èèyàn sókè bí akèrègbè òfìfo. Ẹ tú afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó tú ìwọ̀.

Ní Jellyfish Lake, adágún kan ní Palau, wọn ò gba sílíńdà rárá. Láti nǹkan bíi mítà 15 lọ sísàlẹ̀, gáàsì olóró wà nínú omi yẹn tó ń gba awọ ara wọlé.

Chuuk ni ti ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀. Ní ọjọ́ 17 àti 18 oṣù Kejì ọdún 1944, bàálù ogun Amẹ́ríkà ya bo ibẹ̀, ọkọ̀ Jàpáàn tó lé ní 40 sì rì sínú ọ̀sà náà. Fujikawa Maru ló dáa jù láti fi bẹ̀rẹ̀: ó dúró ṣánṣán, orí ọkọ̀ náà wà ní nǹkan bíi mítà 18, bàálù ogun tí wọ́n tú palẹ̀ sì wà nínú ikùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Sílíńdà alumíníọ̀mù tó wọ́pọ̀ gba lítà 11. Ní 200 bar (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi rọ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀), nǹkan bíi lítà 2,200 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí omi á máa lo bíi 56 ní mítà 18, àti 80 ní mítà 30. Bí 50 bar bá gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù, ìṣẹ́jú 30 ló máa rí lókè ọkọ̀, 20 péré ní mítà 30. San Francisco Maru, tí ọkọ̀ ogun onírin (táǹkì) wà lórí rẹ̀, jìn ju mítà 40 tó jẹ́ òpin ìmòòkùn afẹ́ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ ibú.

Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ òkùnkùn ọ̀sà wa á rò pé inú ọkọ̀ rọrùn. Irọ́ ni. Ìdọ̀tí tó ti sùn síbẹ̀ láti 1944 kì í rọlẹ̀ bọ̀rọ̀ bí ẹsẹ̀ bá gbá a, irin tó ti dípẹtà sì ń gé ọwọ́. Ẹ má mú nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Òfin wà, ọta ìbọn sì pọ̀.

Omi Ẹ̀pẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀, ti Pàsífíìkì ní in dáadáa, ara á sì fúyẹ́ sí i. Ẹ fi bíi kílò 2 òjé (tí wọ́n ń so mọ́ra kí ara lè rì) kún èyí tí ẹ ń lò nílé, kí ẹ sì dán an wò ní mítà 5 pẹ̀lú sílíńdà tó ti fẹ́ tán, torí sílíńdà alumíníọ̀mù máa ń léfòó bó bá ṣófo.

Fakarava, ní Polynesia ti Faransé, ní àkùràkúdà ju Palau lọ: ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló ń tò sí ẹnu ọ̀nà gúúsù. Ìgbà tí omi òkun bá ń wọlé ni kí ẹ bọ́ sínú rẹ̀. Ó mọ́ gaara nígbà náà, ó sì ń gbé èèyàn wọ inú ọ̀sà dípò agbami. Físà Schengen lásán kò tó fún ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó dárúkọ Polynesia.

Guam ni wọ́n sábà ń gbà lọ sí Chuuk, ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni. Ẹni tó mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lọ́wọ́ nílò físà Amẹ́ríkà kódà bó jẹ́ pé bàálù ló fẹ́ pààrọ̀. Palau ṣeé gba Taipei dé. Ẹ sinmi ó kéré tán wákàtí 18 lẹ́yìn ìmòòkùn ìkẹyìn kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ má sì fi ìmòòkùn kankan sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí bàálù Chuuk kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń lọ.