Fáìlì dúdú fún ìwé kíkà lórí ìtàgé: èwo ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rà ní Àkúrẹ́?

Ẹni tó bá ń kọ́ eré orí ìtàgé, yálà ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá ni o tàbí níbòmíràn, ó ń bọ̀ wá bá ìgbà tí olùkọ́ yóò ní kó mú ewì tàbí ìtàn kan, kó kà á sétí àwùjọ láìwọ aṣọ eré, láìgbé àga sórí ìtàgé. Ohùn, ojú àti ìwé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù fún un. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ èyí di ẹ̀kọ́ yunifásítì. Ọ̀kan nínú ibi tó ti gbilẹ̀ ni Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà, níbi tí Robert McLean Cumnock ti dá ilé ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀ ní 1878. Àṣà wọn ni pé kí ìwé wà lọ́wọ́ òǹkàwé, kódà bó bá ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Oníjàálá ò nílò pépà, a mọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yín yóò béèrè fáìlì.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àti bírò ní agbègbè Ọjà Ọba àti Àràkálẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni fáìlì ńlá tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, èyí tó ní irin tí a ń tẹ̀ kó tó ṣí. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn akọ̀wé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, bí ẹ bá sì gbé e dé àyà, ó ti bo ọrùn àti àgbọ̀n yín. Pépà kọ́ ló ń mú un wúwo, nítorí pépà A4 tó wọ́pọ̀ kò ju gíráàmù 5 lọ lẹ́yọ kan. Páálí àti irin rẹ̀ ni. Kí ewì tó parí, ọwọ́ òsì yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn èèyàn yóò sì rò pé ẹ̀rù ló ń bà yín.

Ìkejì ni èyí tí wọ́n rán ọ̀rá mọ́ inú rẹ̀. Òun ni àwọn olùtajà máa ń kọ́kọ́ nà sí akẹ́kọ̀ọ́, ó sì rẹwà lóòótọ́. Lábẹ́ iná ìtàgé, ọ̀rá yẹn yóò tàn wìnnìwìnnì, gbogbo lẹ́tà yóò sì pòórá lójú yín. Bí ẹ bá ń ṣí i, ó ń dún pẹrẹpẹrẹ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò sì ní fi bò. Pẹ́ńsùlù pàápàá kò ṣeé fi sàmì sí i.

Ìkẹta la fọwọ́ sí: fáìlì A5 (ìdajì A4) dúdú, onírin méjì, tí ara rẹ̀ kò dán. Àlàfo àárín irin rẹ̀ jẹ́ mílímítà 80, ìyẹn ni pé pọ́ńṣì tí wọ́n fi ń lu ihò sí pépà, tó wà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì bá a mu. Ẹ ṣọ́ra fún onírin mẹ́ta tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pépà Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Ọwọ́ lẹ ó máa fi lu ihò rẹ̀, pépà á sì ya. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí irin náà, ẹ pa á dé bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ wá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ẹnu irin méjèèjì kò bá pàdé ṣinṣin, ibẹ̀ gan-an ni ojú ewé yóò ti máa há nígbà tí ẹ bá ń ṣí i lójú èrò.

Fáìlì rere kò ní gbà yín bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá dára. Ẹ lo lẹ́tà tó tóbi tó 16, kí àlàfo wà láàárín ìlà. Bó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ sọ iṣẹ́ náà di PDF nílé kí ẹ tó gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti tẹ̀ ẹ́, torí kọ̀ǹpútà tí kò bá ní fọ́ǹtì yín á sọ ẹ̀ àti ọ́ di àpótí òfìfo. Àmì ohùn tó bá fò, ibẹ̀ ni ahọ́n yóò ti kọsẹ̀. Ẹ gé pépà náà sí sẹ̀ǹtímítà 12 sí 19, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ káádíbọ́ọ̀dù dúdú tó jẹ́ A5, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ níbi tí ihò wà. Káádíbọ́ọ̀dù yìí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fáànù ká ojú ewé sókè. Gọ́ọ̀mù líle tí a ń yí sókè bí ìpara ètè ni kí ẹ lò. Gọ́ọ̀mù olómi yóò mú pépà wú.

Ibi tó ṣòro jù ni ibi tí ojú ewé parí sí. Ẹ má jẹ́ kó parí sáàárín gbólóhùn. Ibi tí ẹ óò ti mí ni kó ti parí, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ojú ewé náà nísàlẹ̀ bá tilẹ̀ ṣófo. Pẹ́ńsùlù 2B ni kí ẹ fi fa ìlà kan síbi ìdánudúró kékeré, méjì síbi tó gùn. HB kì í hàn dáadáa lábẹ́ iná.

Ní ti dídì í mú, ẹ̀yìn fáìlì á jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́ òsì, ìgbọ̀nwọ́ á kúrò lára ìhà díẹ̀, etí òkè fáìlì kò sì gbọdọ̀ ga ju àyà lọ. Bí ẹ̀dá ìtàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, ẹ wo ọ̀kan sápá òsì àárín àwùjọ, èkejì sápá ọ̀tún, díẹ̀ ni o. Ẹni tó bá yíjú jù, ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ nìkan ni wọn yóò máa rí, ohùn rẹ̀ á sì lọ sára ògiri.

Máàkì 4 nínú 5 la fún fáìlì yìí. Ohun tó gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ ni àpò tó wà lẹ́yìn páálí inú rẹ̀: pépà yòówù tó bá wà níbẹ̀ yóò já bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹríba fún àtẹ́wọ́. Ẹ fi sẹ́lótéèpù dí i pa.