Káàdì kan fún àkáǹtì méjì, àbí káàdì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èwo ni kẹ́ ẹ gbà?

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Àbújá, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tajà, wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yìí títí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Wuse, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní savings, ẹ tún ní current, ṣé káàdì kan tó so méjèèjì pọ̀ ni kẹ́ ẹ gbà ni, àbí méjì?

Káàdì tó so méjì pọ̀ kò yàtọ̀ lójú. Báǹkì yín ló ń so nọ́ńbà ẹ̀ mọ́ àkáǹtì méjèèjì lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ bá wá débi ATM tẹ́ ẹ tẹ PIN, ẹ̀rọ á bi yín bóyá savings ni àbí current, èyí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ni owó á ti jáde. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an níbẹ̀rẹ̀ torí PIN kan ni mò ń rántí. Kò sì wọ́n: nínú ìwé iye owó tí CBN gbé jáde ní 2020, ₦1,000 ni káàdì kan, tó bá wà lórí savings wọ́n á máa yọ ₦50 lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ti current ò ní.

POS ló jẹ́ kí n rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Hausa tí mo máa ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ ẹ̀ máa ń bi mí pé "savings ko current?", àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé kan èrò pọ̀, kò bèèrè, ó kàn tẹ̀ ẹ́, kí n tó yẹ fóònù wò ₦38,500 ti jáde nínú owó tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sẹ́ni tó ń kó aṣọ fún mi ní Kantin Kwari, ní Kano. Owó mi ṣì ni o, wọn ò jí i, àmọ́ oníṣòwò mọ̀ pé owó ọjà tó bá ti wọ ìkòkò oúnjẹ, àtijáde ẹ̀ le. Tẹ́ ẹ bá ń sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́, wọn kì í sábà bèèrè rárá, àkáǹtì tí báǹkì fi ṣe àkọ́kọ́ ni wọ́n ń mú, torí náà ẹ ní kí wọ́n fi àkáǹtì owó ilé ṣe àkọ́kọ́.

Káàdì méjì láti báǹkì méjì, ₦2,000 nìyẹn, PIN méjì. Ṣùgbọ́n láti 1 March 2025, tẹ́ ẹ bá gba owó ní ATM báǹkì ẹlòmíràn, ₦100 ni lórí ₦20,000 kọ̀ọ̀kan, tí ATM yẹn ò bá sí lọ́gbà báǹkì, wọ́n lè fi tó ₦500 kún un, ti báǹkì yín sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó ní káàdì báǹkì méjì á wo èyí tó sún mọ́ ọn. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023 nígbà tí náírà wọ́n bí ojú: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kubwa ní ti báǹkì méjì, tí ìlà ibí ò bá lọ, ó ti bọ́ sí tọ̀hún, èmi dúró sójú kan láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Káàdì kan tó bá sọnù náà, ẹ̀ẹ̀kan náà lọwọ́ yín kúrò lórí ATM fún àkáǹtì méjèèjì títí wọ́n á fi ṣe tuntun.

Èyí tó so náírà àti dọ́là pọ̀, ẹni tó ń rìnrìn àjò ló nílò ẹ̀. Ní 2022 ọ̀pọ̀ báǹkì dín káàdì náírà kù sí $20 lóṣù lókè òkun, ẹni tó ní dọ́là nínú àkáǹtì ló rí nǹkan fi sanwó. Ẹ bi wọ́n: tí dọ́là bá tán, ṣé á lọ fọwọ́ kan náírà?

Curve, káàdì kan tí wọ́n ń lò ní London, ló ń so káàdì oríṣiríṣi báǹkì pọ̀, kódà ẹ lè gbé owó tẹ́ ẹ ti ná láti orí káàdì kan sórí òmíràn, ìyẹn ì bá gbà mí nínú ọ̀rọ̀ ìrẹsì yẹn. Káàdì tí báǹkì ń fún wa níbí, àkáǹtì tó wà lọ́dọ̀ báǹkì yẹn nìkan ló ń rí.

Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù ẹ̀ ń wọlé síbì kan, kó gba èyí tó so pọ̀. Oníṣòwò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba méjì. Tó bá jẹ́ èyí tó so pọ̀ lẹ gbà ṣá, ẹ má tíì kúrò ní báǹkì, ẹ lọ síbi ATM wọn níta, ẹ tẹ savings kẹ́ ẹ wo iye tó wà níbẹ̀, ẹ tún tẹ current, tí iye kan náà bá jáde lẹ́ẹ̀mejèèjì, wọn ò tíì so ó, ẹ padà wọlé.