Olúmọ Gba Odindi Ọjọ́ Kan: Ìrìn-àjò Èmi àti Ọ̀rẹ́ Mi láti Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ka ìwé gírámà ti ń dá ọjọ́ tí a ó lọ wo Àpáta Olúmọ, tí a sì ń yẹ̀ ẹ́. Ìbàdàn ni àwa méjèèjì ń gbé, bí Abẹ́òkúta sì ṣe súnmọ́ wa tó gan-an ni kò jẹ́ kí a kánjú, nítorí ibi tí èèyàn bá rò pé òun lè lọ nígbàkúùgbà kì í sábà ní ọjọ́ tirẹ̀. Nígbà tí òun náà wá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, a jókòó, a mú Ọjọ́rú kan tí kì í ṣe àkókò ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ kí ibẹ̀ má baà kún jù, a sì lọ. Mo ń kọ èyí fún ẹni tó bá fẹ́ lọ láàárọ̀ kí ó sì padà sùn sílé rẹ̀ lálẹ́. Owó tí a san ní Olúmọ kò ṣègbé rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá jẹ èrè owó náà gbọ́dọ̀ fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àpáta náà, kí ó sì jẹ́ kí amọ̀nà mú òun gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá orí rẹ̀ lọ.

Ètò tí a kọ́kọ́ ṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ Olúmọ sílẹ̀, mo kọ ọjà àdìrẹ Ìtọ́kú, mo kọ ààfin Aláké, mo kọ Kàtídírà Pétérù Mímọ́ ní Aké, mo sì tún kọ ilé-ìkàwé Ààrẹ Ọbásanjọ́ mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó fagi lé mẹ́ta nínú wọn, ó ní, “Ṣé a fẹ́ rí Abẹ́òkúta ni, àbí a kàn fẹ́ kà á bí ẹni tó ń ka owó?” Ó ku Olúmọ àti Ìtọ́kú. Mo bínú díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òun ló jàre.

Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021 gùn tó kìlómítà 157, ó sì gba Abẹ́òkúta kọjá, nítorí náà ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà lè sọ̀ ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Láderin láìrí súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọkọ̀ kankan. Ó rọrùn fún àwa tí à ń gbé lápá Òjòó. Ẹni tó bá ń gbé ní àdúgbò Àpáta ní Ìbàdàn tàbí lápá Ọmí-Àdìó lè rí i pé mọ́tò tí ń gba Ọ̀dẹdá lọ tààrà yóò yá a ju kí ó kọ́kọ́ la gbogbo Ìbàdàn kọjá lọ sí Mọ́níyà. Ìpele mẹ́ta ni ìjókòó inú ọkọ̀ náà pín sí, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni a mú, ara sì tù wá nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé kí ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ kí ẹ tó mọ ìgbà tí ọkọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀ yóò dé Abẹ́òkúta ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ọkọ̀ àbọ̀ yìí ló ń sọ iye wákàtí tí ẹ ní nínú ìlú, kì í ṣe ọkọ̀ àlọ. A ra àlọ àti àbọ̀ pọ̀, ọkàn wa sì balẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Bí oko ẹ̀gẹ́ àti àwọn àpáta kéékèèké ṣe ń kọjá lójú fèrèsé, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọn tó ti rin ìrìn-àjò yìí ṣáájú wa. Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìletò Ẹ̀gbá Gbágùrá rí, kí àwọn jagunjagun tó wá fi ibẹ̀ ṣe ibùdó. Nígbà tí ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, tí ibùgbé pọ̀ pẹ̀lú àwọn jagunjagun yìí kò sì rọgbọ mọ́, Ṣódẹkẹ́, aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá, kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ìbàdàn ní 1830, wọ́n sì forí lé abẹ́ àpáta kan tó wà lẹ́bàá odò Ògùn. Àwọn yẹn kò ní tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀. Mo dúpẹ́ pé inú ọkọ̀ ni a ti sọ ìtàn yìí tán, nítorí nígbà tí a fi máa dé abẹ́ àpáta náà, ojú ẹni tó mọ ohun tí ó ń wò ni a fi wò ó.

Láderin wà lẹ́yìn ìlú díẹ̀, ẹ nílò takisí láti ibẹ̀ dé Olúmọ. Awakọ̀ kan sọ iye kan fún wa, nígbà tí a sì débẹ̀ ó ní iye ẹnì kan ni òun sọ, kì í ṣe ti ẹni méjì. A san án nítorí a kò fẹ́ fi ìjà bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ wa, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ pé, “Fún àwa méjèèjì ni?” kí ẹ tó wọlé.

Ní ẹnu ọ̀nà Olúmọ, a san owó ìwọlé, wọ́n sì fún wa ní amọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kí wa dáadáa, tó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, tó sì béèrè pé, “Ẹ̀yin màmá mi, ṣé líìfì ni ká gbà ni, àbí àtẹ̀gùn?” Ọ̀rọ̀ orúnkún ọ̀rẹ́ mi ló wà lọ́kàn mi, mo sì ti fẹ́ sọ pé líìfì. Ọ̀rẹ́ mi ló dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, ibi tí àwọn tó sá ogun gbà ńkọ́?” Inú ọmọ náà dùn, ó yí padà, ó sì mú wa gba abẹ́ àpáta lọ.

Ibi ààbò náà kò ga. Ẹni tó bá ga gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kí ó tó wọlé, òkúta kan ṣoṣo tó tẹ́ rẹrẹ ló ṣe òrùlé fún gbogbo ibẹ̀, ibi tí wọ́n sì pín sí yàrá yàrá nígbà náà ṣì hàn. Ó tutù, bí oòrùn tilẹ̀ ti ń ran níta. Nínú ilẹ̀ àpáta náà ni àwọn ihò róbótó wà tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan jíjẹ ní àkókò tí wọ́n ń gbé ibẹ̀. Amọ̀nà wa sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ẹgbẹ̀rún, ó sì ti ń múra láti kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ bọ inú ihò kan, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ wo bó ṣe jìn tó. Wọn kò lo ibí fún ọ̀sẹ̀ kan.” Òótọ́ ni. Ẹni tó bá lọ nǹkan lórí òkúta líle títí tí òkúta fi jìn bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀, ó ti bọ́ ọmọ níbẹ̀, bóyá ó tilẹ̀ ti bímọ níbẹ̀. A jókòó sórí òkúta, a sì béèrè ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbéèrè lọ́wọ́ ọmọ náà, òun náà sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn pẹ̀lú ìfẹ́, ó ń sọ ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà sọ fún un. Ó ṣàlàyé orúkọ náà fún wa ní ọ̀nà méjì: àwọn kan ní Olúwa ló mọ àpáta náà bí ẹni mọ ilé, àwọn mìíràn sì ní ibẹ̀ ni ìyà àwọn Ẹ̀gbá ti mọ. Ó tó wákàtí kan kí a tó dìde kúrò níbẹ̀. Wákàtí yẹn ni mo kà sí ohun tó dára jù lọ nínú gbogbo ìrìn-àjò náà.

A kọjá níwájú ojúbọ Olúmọ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, lẹ́yìn náà ni gígùn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà náà há láàárín òkúta méjì ní àwọn ibì kan, wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn sára àpáta ní àwọn ibòmíràn, irin ìdìmú sì wà níbi tó ga gan-an. Ọ̀rẹ́ mi sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Bàtà tó máa ń di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà, kí ẹ sì mú omi lọ́wọ́. Àárọ̀ ló dára jù, nítorí bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú òkúta gbóná, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín yóò mọ̀ ọ́n, bí òjò bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ dúró kí ó gbẹ kí ẹ tó gùn ún. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbé e rárá, kí ó béèrè líìfì lọ́wọ́ wọn, ohun iyì ni pé wọ́n ro ti irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ má fi líìfì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ bọ́ sí orí òkè lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí òrùlé ilé, yóò ya fọ́tò, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ láìmọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń bọ̀wọ̀ fún àpáta náà.

Orí rẹ̀ ga tó mítà 137 sí ìtẹ́jú òkun. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ súà, odò Ògùn, ilé-ìjọsìn tó wà ní Aké, àti mọ́sálásí. Amọ̀nà wa nawọ́ sí apá ibi tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì, ìjọba kan ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí, ti wá ní 1851, tí wọ́n tún wá ní 1864, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó yé mi níbẹ̀, ju bí ìwé kankan ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ, pé ẹni tó bá dúró níbí yóò ti rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i. Ìlú kan náà yìí ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá ní 1859, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ tàbí òbí wọn ti sùn sábẹ́ òkúta tí a gùn yẹn.

Ebi ti dé nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀. Búkà àkọ́kọ́ tí a yà sí ní òun ní ìrẹsì Ọfadà, ṣùgbọ́n ó dá wa dúró pẹ́, ohun tó gbé wá sì tutù. A fi í sílẹ̀ nígbà tí a jẹ ẹ́ débì kan. Búkà kejì kéré, kò ní àkọlé kankan, ìyá tó ń tà níbẹ̀ sì fi láfún funfun tó ń rú èéfín, ewédú àti ẹja síwájú wa. Láfún Ẹ̀gbá yàtọ̀ sí àmàlà tí àwa ará Ìbàdàn mọ̀. Ó rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní òórùn, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ọbẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dé Abẹ́òkúta, òun ni kí ẹ béèrè.

Ìtọ́kú ló kàn, owó sì lè ṣòfò níbẹ̀ bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ ń wá. Orí àtẹ kan náà ni ẹ ti lè bá àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi láfún ya ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, àdìrẹ oníko tí wọ́n fi ìko dì, kàm̀pálà tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi, àti aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè tó kàn jọ àdìrẹ lásán. Obìnrin kan tiẹ̀ fi èyí tó gbẹ̀yìn yìí hàn wá, ó ní ẹlẹ́kọ ni. Ẹ yí aṣọ náà padà: bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá funfun ju iwájú lọ, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ọnà rẹ̀ náà: ọwọ́ èèyàn kì í ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìyàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tí èékánná rẹ̀ ti dúdú fún elú ni a ti rà. Ó kí wa, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ya ibí o,” ó sì na aṣọ mẹ́fà sílẹ̀ fún wa láìkanra. Ọ̀rẹ́ mi rí Ìbàdàndùn láàárín wọn, èyí tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí, ó sì kọ̀ láti wo òmíràn mọ́. Ó sanwó láìná an dáadáa. Mo fẹ́ bá a ná an, ó fọwọ́ kàn mí pé kí n fi í sílẹ̀.

A dé Láderin kí ọkọ̀ tó dé. Ọ̀rẹ́ mi gbé aṣọ náà lé itan ní gbogbo ọ̀nà, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà òpó Mápó, nígbà tí a sì fi máa sọ̀ ní Mọ́níyà lálẹ́, elú ti kun àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní Ṣàgámù ni a ó lọ ní oṣù tó ń bọ̀. Mo ní rárá o, Olúmọ ni, a ó mú àwọn ọmọ-ọmọ wa lọ kí wọ́n lọ ki ọwọ́ bọ ihò yẹn.