Minions: The Rise of Gru: wọ́n ní kí ọmọ mi má wọ súùtù wọlé

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ẹnu ọ̀nà, torí inú mi ò tíì rọ̀ tán. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, ní July 2022, èmi àtàwọn ọmọ ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì sinimá sílẹ̀ lórí fóònù, ká lọ wo Minions: The Rise of Gru, fíìmù kátúùnù àwọn ẹ̀dá kéékèèké aláwọ̀ ìyèyè tí wọ́n ń pè ní Minion àti Gru ọ̀gá wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò bẹ̀rẹ̀ sí wo ọmọkùnrin mi tòkè-tilẹ̀, ó wá nawọ́ sí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì: ẹni tó bá wọ súùtù ò gbọdọ̀ wọlé wo Minions.

Súùtù o! Àṣé àwọn ọmọkùnrin ló ń wọ súùtù lọ wo fíìmù náà, tí wọ́n ń ya fídíò ara wọn sórí TikTok, tí wọ́n ń pariwo, tí àwọn míì ń ju ọ̀gẹ̀dẹ̀, débi tí àwọn ilé sinimá kan ní Ìlú Ọba fi fòfin dè é. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń bọ̀. Ó ní òfin ni. Mo ní èmi ìyá rẹ̀ rèé. Ó ní òfin ni. Èmi tí mo wọ léèsì, tí mo wé gèlè gàgàrà, kò rí mi bá wí; ọmọ ọdún 13 ló rí.

Mo ní kó pe mánéjà. Obìnrin náà jáde, ó ní kí ọmọ ṣáà bọ́ kóòtù àti táì, kó máa wọlé. Ó gbà wọ́n, ó rọra ká kóòtù náà, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn káńtà bí aṣọ ọkọ ìyàwó. Ó tún ta wá lọ́rẹ gúgúrú ńlá kan. Kí ni kí n tún wí?

Ìtàn fíìmù náà ò fi bẹ́ẹ̀ lórí. Ọdún 1976 ni, Gru ò tíì pé ọmọ ọdún 12, ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ọ̀daràn tó ń jẹ́ Vicious 6. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá jí òkúta iyebíye wọn gbé. Otto, Minion tó fa òkúta náà lé lọ́wọ́, lọ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ òkúta lásán tí wọ́n lẹ ojú mọ́! Ọmọbìnrin mi rẹ́rìn-ín títí omi fi gba imú rẹ̀ jáde. Ibi tí Master Chow, tí Michelle Yeoh fi ohùn ṣe, ti ń kọ́ àwọn Minion ní kung fu ní San Francisco, èmi gan-an di ìhà mú. Àmọ́ ìjà ìparí gùn jù, oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ.

Bí iná ṣe kú, àwọn ọmọkùnrin ìlà iwájú bọ́ ẹ̀wù òkè wọn. Súùtù ló wà lábẹ́! Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n to ìka kora wọn bíi ti Gru, kò sẹ́ni tó lé wọn. Irú wọn kọ́ ló jẹ́ kí gbogbo ayé máa sọ̀rọ̀ fíìmù náà ni? Kòrónà sún un kúrò ní July 2020, ó dọ́dún kejì kó tó jáde, síbẹ̀ ó pa owó tó lé ní 900 mílíọ̀nù dọ́là káàkiri ayé. Lóòótọ́, Minions ti 2015 ti kọjá bílíọ̀nù kan. Àmọ́ ẹ̀yin onísinimá, ẹni tó ń mówó wọlé fún yín lẹ ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn o.

Nígbà tí a jáde, mánéjà ti lọ sílé. Kóòtù wà níbẹ̀, kò sí táì. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn náà ló tún kò mí lójú, ó ní òun ò rí táì kankan.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Bí wọ́n bá bá mi rí táì pupa yẹn, n ó fi ẹyọ kan tó kù kún un.