Àpá irorẹ́: abẹ́rẹ́ nìkan, àbí abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ara ẹni?

Àbúrò mi ní Kàbà bi mí èyí tí òun ì bá ṣe. Nínú microneedling lásán, abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń gún awọ ojú kí ó lè pèsè kọ́lájìn tuntun, ìyẹn èròjà tó ń gbé awọ ró. Ìkejì ń kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ẹ̀rọ á yí i bìrí, omi pupa rúsúrúsú tó kún fún platelet (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) ni wọ́n á fi pa ojú tí wọ́n gún. Ìwádìí fi hàn pé ó sàn jù díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o! Owó rẹ̀ sì ga. Bí owó ọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja fún ìtọ́jú lóṣooṣù bá ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, mú àkọ́kọ́. Àpá tóóró tó jinlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti èyíkéyìí. Bí egbò rẹ bá máa ń wú lẹ́yìn tó jinná, má tilẹ̀ dá a lábàá.